Ìpín Tí Kò Jẹ Ajílẹ̀

Oníbéèrè ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù, ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde? Kí orí rẹ má ṣe sùn, kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ máa gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ara èmi le, àfi orúnkún, òun ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Àwọn tí o rán wá láti ibi iṣẹ́ rẹ dé, agùntáṣọọ́lò ọkùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun yìí ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀wà lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n bi mí, wọ́n ní ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi okùn pín oko wa, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, torí òkè gbẹ ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì tún gé méjèèjì sí ìpín kéékèèké. Wọ́n wá ká bébà sínú fìlà mi, wọ́n ní ìpín tó bá mú èyí tó ní àmì yóò jẹ ajílẹ̀, ìyókù kò ní jẹ nǹkan kan. Èmi rò pé tẹ́tẹ́ ni. Mo wọlé lọ wẹ ẹsẹ̀, mo wọ ẹ̀wù mi tó dáa, mo wá dúró tì wọ́n, mo ń gbàdúrà kí gbogbo oko wa jẹ. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí ajílẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí òjò ṣe. Ó ní bébà inú fìlà kì í wojú ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń lò ó.

Kì í wojú ẹnikẹ́ni lóòótọ́, nítorí igun ìyá rẹ wà lára àwọn tí kò mú àmì.

O rántí igun yẹn, lẹ́bàá òkúta pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti máa ń tẹ́ aṣọ fún ọ nígbà tó bá ń roko, ìwọ á sì máa bèèrè ìdí tí ewé yìí fi tóbi ju ìyẹn lọ, òun á ní bóyá ìyẹn kò jẹun alẹ́ ni, á wá gbé ọkọ́ sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí tí èmi náà á fi máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, èmi kì í kọrin lóko mọ́, torí òun ló máa ń gbè é.

Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá, tí ẹ̀wà tó jẹun ń dán bí ẹni tó fi òróró para, tí ti igun yẹn ń pọ́n, tó tín-ín-rín bí ọmọ tí kò ní ìyá. Ara mi kò gbà á. Mo kó eérú ààrò sínú agbọ̀n bí ìyá rẹ ti máa ń ṣe, mo lọ wọ́n ọn síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò sì pẹ́ tó fi gbérí.

Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ padà wá, wọ́n kà, wọ́n wọ̀n, agùntáṣọọ́lò ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tó rí iwin. Ó ní àṣìṣe inú oko yìí ti pọ̀ jù. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ fún un pé lórí ilẹ̀ yìí, bàbá mi kò ṣàṣìṣe, ìyá rẹ kò ṣàṣìṣe, kí ó lọ yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ tí wọn kò bá mọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ìyẹn ni, èmi mọ ìdí rẹ̀, eérú mi ni. Ńṣe ni ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àyà mi já. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí mi. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní rárá, ìpín kan péré ni wọ́n máa yọ kúrò, irú rẹ̀ mìíràn tí kò jẹ ajílẹ̀ ṣì wà káàkiri oko. Ó ní àwọn tilẹ̀ bá ọ jiyàn pé wọ́n ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n o fárígá. O ní àfi kí wọ́n pọ̀, torí bàbá rẹ kò lè rí ohun tí ebi ń pa kí ó sì kọjá lọ.

Omi ni mo lọ bù fún wọn.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó bàtà oko ránṣẹ́, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti yanu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Má fi sínú fóònù o, mo gbọn ti ìjẹta títí, nǹkan kan kò jábọ́.

Ilẹ̀ á máa mọ́ ọ ire. Ọmọ tí ìwọ náà bá bí yóò mọ ìwà rẹ bí o ṣe mọ tèmi, kò sì ní fi ọ́ ṣẹ̀sín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.