Ìwé Bàbá Rẹ Tó Ń Gbé Orí Àjà

Erinje, lẹ́bàá Òkìtìpupa,
Oṣù Kẹsàn-án, 1997.

Aníwúrà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ní Èkó ńkọ́? Bí gbogbo yín bá wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé. Ìwọ kò ní í fi ọwọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ ohun tí ojú rẹ kò ní í rí òpin rẹ̀. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Eunice. Bí o bá rí i tó ń wọ́ kiri bí ọ̀nà oko, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ tó kọ́ mi ní ìwé ló máa ń bá mi ka ohun tí mo bá kọ, tí á ní kí n dánu dúró níbí, kí n fi àmì sí tọ̀hún, kò sì sí ẹni tó bá mi ka eléyìí.

Ilé ṣì wà bí o ti fi í sílẹ̀. Òjò ti gbá ọ̀nà Ìlútítun lọ, àwọn ọlọ́kadà á ní kí a sọ̀ kalẹ̀ ká bá wọn ti ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ní í dín owó wọn. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sétí odò ti rà sínú omi. Eunice àbúrò rẹ ló ń bá mi wa èyí tó kù, òun náà la fi ń ṣe pupuru tí a ń yan lórí iná. Iná mànàmáná tí wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ tí òpó wó la ti rí i mọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ọdún Àjíǹde èṣí lo wá sílé, tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí o ń ṣàlàyé fún wa pé ìjọba fẹ́ kó ìwé gbogbo yunifásítì jọ sínú kọ̀ǹpútà, pé ẹni tó wà ní Òkìtìpupa yóò máa ka ìwé tó wà ní Zaria láìwọ mọ́tò, pé ojú wáyà tẹlifóònù ni yóò máa gbà, pé ìwọ gan-an wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Ó sì tètè yé mi, torí bí a ti ń ṣe níbi tí a ti ń fún epo náà ni. Oníkálukú á gbé ẹyìn tirẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ á di epo kan ṣoṣo, ẹni tó bá ti gbé ẹyìn wá lè wá gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ kí wọ́n rọ tirẹ̀ fún un. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan wá, kí ló fẹ́ gbé lọ? Ìdí nìyẹn tí n kò fi jiyàn nígbà tí o ní ìgbìmọ̀ yín ń wá ohun tí kò sí níbòmíràn, tí bàbá rẹ sì nawọ́ sókè àjà, tó gbé ìwé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún ọ.

Ìwé yẹn! Ìgbà tó ń ṣe tíṣà ní Igbotako ló ti ń kọ ọ́. Á lọ jókòó ti ìyá àgbà Morádéyọ̀, àbúrò bàbá tirẹ̀, ẹni tó mọ oríkì gbogbo agboolé Erinje láti ìpìlẹ̀, á máa kọ ọ́ ní ahọ́n wa gẹ́lẹ́ bí ìyá yẹn ti ń sọ ọ́, kì í ṣe bí wọ́n ti ń kọ Yorùbá nílé ìwé. Ìyá yẹn ti lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ náà ti lọ tán. Ìwé yẹn nìkan ló kù, orí àjà tó wà lókè iná pupuru ló sì ń gbé, torí èéfín kì í jẹ́ kí ikán àti kòkòrò sún mọ́ ọn, bí kì í ti í jẹ́ kí wọ́n jẹ àgbàdo tí a fẹ́ gbìn. Ó dúdú, ó ń rùn bí ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò pa rẹ́ nínú rẹ̀.

Mo bi ọ́ nígbà náà pé ta ni yóò máa dáná fún un ní Èkó. O rẹ́rìn-ín. O ní kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ ooru, pé yàrá tútù ni wọ́n ń gbé e sí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i tọ̀sán-tòru. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ìwọ lo kàwé. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ohun tí a bá fi síbi tútù, ṣé kì í bu ni?

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé. O ní ìgbìmọ̀ ti ṣèpàdé. O ní ìgbìmọ̀ ti bí ìgbìmọ̀ kékeré. O ní kọ̀ǹpútà ti dé etí òkun, wọn ò tíì jẹ́ kó jáde. O ní ọ̀gá tó fọwọ́ sí i ti kúrò nípò, èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ á kà á tán, á ní ká ṣe sùúrù, pé igi tútù kì í tètè gbaná. Ìgbà tí èyí tó gbẹ̀yìn dé, tí o ní ìwé ṣì wà nínú páálí pẹ̀lú ti àwọn ìlú mìíràn, nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká lẹ́tà náà sápò, ó lọ jókòó sídìí iná.

Èmi ni n kò lè dákẹ́. Mo ní kí Eunice bá mi fi ọparun so àjà kékeré kan, mo sì fi rán Olúwafẹ́mi tó ń wa mọ́tò láti Igbotako lọ sí Èkó sí ọ, òun pẹ̀lú ìdì igi iná. Ṣé ó dé ọwọ́ rẹ? Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé e, kí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iná tó ń jó wìì o, èyí tó ń rú èéfín jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá tún ṣèpàdé, ẹ má gbàgbé láti yan ẹni tí yóò máa tọ́jú iná náà lọ́jọ́ ìsinmi, torí iná kò mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba di ọjọ́ Ajé.

Oṣù tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ. Eunice kọ ìyẹn sí ọ, bóyá lẹ́tà náà kò dé, torí a kò rí èsì. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin tó kọ́ gbogbo ọmọ Erinje ní á-bí-dí! Apá òsì ló ń nà sókè àjà. Mo gbé àgbàdo wá fún un, ó mi orí. Mo gbé ẹja wá, ó mi orí, ó tún nawọ́. Nígbà tó yé mi pé ìwé rẹ̀ ló ń bèèrè, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú aṣọ tí a fi ń di ìwé náà dání, ó di ilé tẹlifóònù ní Òkìtìpupa. Mo ní kí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá mi yọ ìwé bàbá rẹ, Tíṣà Àríyọ̀, jáde, pé ọmọ mi wà nídìí ètò rẹ̀, pé a ti gbé tiwa síbẹ̀, n kò wá gba ọ̀fẹ́. Ó ní ìyá, tẹlifóònù gan-an kò sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́. Mo ní kò burú, n kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìwé ni mo fẹ́. Ó wò mí títí, ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n ń tilẹ̀kùn. Mo ká aṣọ mi, mo bọ̀ wálé. Bàbá rẹ wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi.

Aníwúrà, ara bàbá rẹ kò dá. Bí àwọn àgbà ilé ti ní kí n kọ ọ́ nìyẹn, kí n má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé a kì í fi lẹ́tà sọ irú rẹ̀ fún ọmọ tó wà nídàálẹ̀. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ti wí. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tútù ní ọsibítù, wọ́n ní ibẹ̀ ni kò ní í jẹ́ kó bàjẹ́ títí ọjọ́ tí a ó gbé e wálé. Irú yàrá tí o ní kọ̀ǹpútà yín fẹ́ràn náà ni. Mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Háà, ọmọ mi, ayé sú mi.

Pásítọ̀ ti gbà pé lẹ́yìn orin, kí wọ́n tó da erùpẹ̀, kí a fi oríkì ilé rẹ̀ kí i láti ìpìlẹ̀ bí a ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ilé wa, kí àwọn tó ṣáájú lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Ta ni yóò kí i? Òun ló máa ń kí àwọn ẹlòmíràn, inú ìwé yẹn ló sì ti ń kà á. Mo ti gbìyànjú. Ọmọ olódò tí í fi omi tọrẹ, ọmọ a-wakọ̀-má-mì. Ibẹ̀ ló tán sí lẹ́nu mi. Mo tún un sọ, mo tún un sọ, Eunice ń wò mí, kò sẹ́ni tó lè bá mi parí rẹ̀. Ṣé bí ẹni tí kò nílé la ó ṣe sin bàbá rẹ?

Owó tí mo máa ń bèèrè, n kò bèèrè rẹ̀ lónìí. Fi wọ mọ́tò, kí o sì mú ìwé náà bọ̀. Bí ó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, gbé kọ̀ǹpútà náà wá, a ó wá ẹni tí yóò rù ú láti ibi tí mọ́tò bá dúró sí. Bí òjò bá ti pa á, má sá a sóòrùn, mú un bọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, mú àjẹkù ikán bọ̀. N kò bínú sí ìwọ tàbí ìgbìmọ̀ yín. Mo ti kó àgbàdo kúrò lórí àjà, mo ti dáná sábẹ́ rẹ̀, n kò sì jẹ́ kó kú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, àwọn ọmọ tìrẹ yóò rí ohun tí wọn yóò fi kí ọ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.