Irin Tí N Ò Jẹ́ Kó Tutù

Bàámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Mo ti fọwọ́ ara mi jó páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi pọ̀ bí ajórin. Ẹ kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Fi nọ́ọ̀tì de ìdí rẹ̀ mọ́ irin tó nípọn kó o tó jó o. Jó díẹ̀, kó o dúró kó tutù." Mo ní, "Bàámi, ta ló ráyè ìyẹn?" Mo jó o tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dán, àmọ́ ìdí rẹ̀ ti wọ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mọ́tò gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó sì kú. Èmi tí mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ mi jà nítorí ìdádúró!

Àná ni ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ yín. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí ìlú kejì, nítorí ilé ìwé ni, ẹ má ronú. Mo ṣèlérí pé màá dé kó tó gé àkàrà òyìnbó. Ó pè mí: "Dádì, ṣé ẹ ti dé ìta?" Mo ní ó ku díẹ̀. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ mi nílé, nídìí mọ́tò tó kú náà.

Ẹ bá mi kí Màámi. Tí wọ́n bá bèèrè, ẹ ní àkàrà òyìnbó náà dùn.