Mi Ò Tíì Sùn Nígbà Tí O Dé

Àbíkẹ́yìn,

Ìwọ lo ní ká paná ilé lálẹ́ àná, pé iná tá à ń lò ń mú kí ayé máa gbóná jù. Mo bi ọ́ pé kí la ó máa ṣe nínú òkùnkùn. O ní a ó máa sọ̀rọ̀. Mo paná. Mo gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo jókòó sórí ọ̀kan.

Láàárọ̀ yìí ni télọ̀ ìsàlẹ̀ pè mí. "Bàbá, ọmọ yín dé lálẹ́ àná o! Ó ní òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ilé sì ṣókùnkùn, pé ẹ ti sùn nìyẹn. Ló bá padà lọ sùn síbi iṣẹ́." Mo bi télọ̀ pé ṣé ìwọ ọmọ mi ò rántí pé ìwọ lo ní kí n paná ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ àná. Mo rò pé ará ilé kejì ni.

Mo ń lọ gba oògùn ojú mi. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, gbé e kaná. Kọ́kọ́rọ́ rẹ nìyí, mo ní kí télọ̀ fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí; so ó mọ́ báàgì.

Bí o bá tún bá ilé lókùnkùn, kanlẹ̀kùn. Bí mo bá ti sùn pàápàá, jí mi. Mo ń sùn tó lọ́sàn-án.

Bàbá rẹ