Ìyàwó Télọ̀ Gbá Mẹ́rin Wọlé Mi

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo ti sun orí bẹ́ǹṣì rí. Mo fi ẹsẹ̀ lásán ru irin, iná jó mi lápá, ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Lónìí, èmi wẹ́dà ni mo ni ilé alájà mẹ́ta!

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé náà pa lọ́lọ́. Ọmọ mi obìnrin wá ra ẹ̀rọ géèmù bọ́ọ̀lù fún mi. Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n, mo pe télọ̀, dírẹ́bà àti bíríkìlà àdúgbò wa wá bá mi ta á. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni bàtà ń kún ẹnu ọ̀nà mi. Ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó nà mí!

Àfi Sátidé tó kọjá. Ìyàwó télọ̀ wá pe ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan géèmù yìí." Góòlù mẹ́rin ló gbá wọlé mi, mi ò rí ẹyọ kan dá padà!

Télọ̀ figbe ta: "Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o ò mọ̀ pé a kì í na Bàbá ni?"

Bíríkìlà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Àṣé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí n borí látọjọ́ yìí!

Olóòtú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ti rí ọ̀ta gidi bá figagbága! Àmọ́ ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ wa: bí mo bá ní kí wọ́n yé bọ̀wọ̀ fún mi nídìí eré, ṣé wọ́n á ṣì máa wá?

Èmi ò tilẹ̀ ní dúró dèsì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé àga ńlá tí èmi nìkan ń jókòó sí kúrò ní pálọ̀, màá bá wọn jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ ta mí lọ́rẹ góòlù kan péré, kó wọ bàtà rẹ̀, kó máa lọ sílé.