Atẹ́gùn Inú Tánkì Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kejì, 2021

Yìnyín ń bọ́ láti àárọ̀. Gbogbo àdúgbò Lake Highlands funfun bí ìgbà tí àpò fùláwà bá tú dànù. Obìnrin tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò wá. Ó ní ọ̀nà ń yọ̀. Ṣé ọ̀nà tèmi gbẹ ni?

Èmi àti Màmá Stella, arúgbó tí mò ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú fún, nìkan ló kù nílé. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́síjìn ń kùn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà rẹ̀ wà nímú wọn. Ara wọn ló ń ṣàìsàn o, kì í ṣe ọpọlọ. A ta káàdì, wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Mosún, owó nìkan lo mọ̀ ọ́n kà."

Ọ̀gá Kámẹ́rà pè. Reuben ni, ọmọkùnrin Màmá tó ń gbé ní Arlington. Kámẹ́rà mẹ́ta ló kàn mọ́ ilé yìí, ọ̀kan dojú kọ fíríìjì. Ó ní òun rí i pé mo ṣí fíríìjì lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí. Eku ni mí.

Ọjọ́ Ajé, 15

Iná ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ Màmá ké wìì, ó dákẹ́. Kámẹ́rà náà kú — ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ mi.

Tánkì ọ́síjìn mẹ́ta wà ní ìpamọ́ fún irú ọjọ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi: bí a bá ṣí i dé ìwọ̀n méjì, wákàtí márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ka owó rí, mo ti ka gàrí ní kóńgò. Mi ò ka èémí ọmọ èèyàn rí.

Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Wọ́n ní èrò pọ̀ níwájú wa, kí a ṣe sùúrù.

Mo pe Ọ̀gá Kámẹ́rà. Ó ní iná á dé láàárín wákàtí kan. Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀! Iná wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi Sururat wà ní Sachse, iná wọn ò lọ, ọkọ rẹ̀ lè wá gbé wa. Ó ní kí n má gbé ìyá òun lọ síbì kankan. Ó ní èmi kì í ṣe ẹbí. Ẹni tó ń nu ìdí ìyá ẹ láti ọdún méjì kì í ṣe ẹbí. Ó dáa.

Mo pe Adétáyọ̀, tó ni ájẹ́ńsì tó gbà mí síṣẹ́. Ọmọ Òṣogbo, àbúrò ni sí mi. "Àǹtí Mosún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má gbé oníbàárà kúrò nílé láìsí àṣẹ ẹbí. Bí ẹ bá ṣubú lọ́nà, láísẹ́ńsì mi lọ nìyẹn." Mo ní, bí wọ́n bá kú sílé ńkọ́? Ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà, mà."

Àdúrà wo ló ń wọnú tánkì?

Mo bá fa ìwọ̀n wálẹ̀ láti méjì sí ọ̀kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di ọgbọ̀n wákàtí. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Síítófù tiná ni, kò sí omi gbígbóná. Mo wọ súẹ́tà mẹ́ta fún Màmá, mo fi ìró mi wé wọn lórí. Búrẹ́dì tútù la jẹ. Èéfín ń jáde lẹ́nu wa nínú yàrá.

Mo ro iṣẹ́ mi tó lè bọ́ bí mo bá gbé wọn lọ. Kí n má purọ́ fún ìwé. Mo rò ó dáadáa kí n tó dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Tánkì méjì ti tán. A ti wà lórí ẹ̀kẹta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí ètè Màmá, bí ẹni pé wọ́n mu íńkì. Mo béèrè ọjọ́ tí a wà. Wọ́n ní, "Jessica, ti fèrèsé." Jessica ni ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Èmi kọ́ ni Jessica. Fèrèsé sì wà ní títì.

Inú bí mi débi pé òtútù fi mí sílẹ̀. Mo pe Sururat. Ó ní, "Láti àná lo ti ń tọrọ àṣẹ? Òkú ni wọ́n fẹ́ kí o ṣọ́ ni? Bàbá Kúbúrà ń bọ̀."

Bàbá Kúbúrà ni Salaudeen, ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, wákàtí méjì ló fi rìn ín. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, kò lè gbé èèyàn. Ẹlifétọ̀ ti kú. Àjà kẹta la wà. Àtẹ̀gùn ìta ń dán bíi dígí. Mo da gbogbo iyọ̀ tó wà ní kíṣìnnì sí i kí yìnyín lè yọ́.

Ó ní kí a wá èèyàn méjì tó máa gbé Màmá lórí àga. Mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ṣí i.

Mo padà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo fa Màmá sẹ́yìn mi, mo pọ̀n wọ́n. Ìró kan nídìí, ìró kan láyà, mo so ó gírígírí bí ìgbà tí mo ń pọ̀n àkọ́bí mi. Wọn ò wúwo tó àpò ìrẹsì kan. Bẹ́ẹ̀ èèyàn ńlá ni wọ́n! Mo gbé tánkì kọ́rùn nínú báàgì. Salaudeen gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé wa, ó ń mí hẹlẹ.

"Àǹtí, ẹ rọra o. Ìyá lẹ pọ̀n yẹn, kì í ṣe ẹrù."

"Ẹ̀yin náà ẹ rọra pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn, mi ò lè pọ̀n èèyàn méjì."

Àtẹ̀gùn méjìlélógójì. Ní ìkejìdínlógún ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mo fi ìdí lu irin, mo di irin mú. Màmá sọ sí mi létí pé kí ẹṣin náà rọra. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ń bínú.

A dé Sachse. Sururat ti ẹ̀rọ bọ iná. Ó kùn. Mi ò sunkún. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ.

Ọjọ́rú, 17

Ètè ti pọ́n padà. Wọ́n mu ọbẹ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n Jessica ni mí síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ọ̀gá Kámẹ́rà ń pè, ó ń pariwo. Ajínigbé ló pè mí. Sururat já fóònù gbà: "Ìyá ẹ ń jẹun nílé mi. Ṣé o mọ ọ̀nà Sachse, àbí kí a wá pọ̀n ìwọ náà?" Ọkùnrin náà ní kí a fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Ó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kírun.

Màmá wò ó títí. Wọ́n yíjú sí mi: "Jessica, ta ni ọkùnrin yìí?"

Ó ní kí ni mo ṣe fún ìyá òun. Ó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Omi dì sínú páìpù, páìpù bẹ́ ní àpátímẹ́ǹtì tèmi. Mátírẹ́ẹ̀sì mu omi yó. Mi ò ka ohun tó bàjẹ́.

Adétáyọ̀ pè. Dókítà ní ọ́síjìn kò tó Màmá fún ìgbà pípẹ́. Ìrántí tó lọ lè padà, ó lè má padà. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i díẹ̀ nílé yẹn, òkú ni wọn ì bá gbé. Adétáyọ̀ fẹ́ fìyẹn tù mí nínú. Kò sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn ò tiẹ̀ pẹ́ rárá.

Ọjọ́ Ajé, 22

Adétáyọ̀ gbé fọ́ọ̀mù wá. Reuben ti kọ̀wé fẹjọ́ sùn.

"Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ ṣàṣìṣe, mà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ máa fi jókòó sílé láìṣiṣẹ́, màá wá ibòmíì fún yín." Kò burú lọ́mọ, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún mi, kí n kàn fi bíírò tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló ṣẹlẹ̀? Mo kọ ọ́ pé iná lọ, mo tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ, mo tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ájẹ́ńsì, wọ́n kọ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi fúnra mi ni mo fa ọ́síjìn wálẹ̀ láti méjì sí ọ̀kan, nítorí mò ń dúró. Kò sẹ́ni tó bi mí léyìí. Adétáyọ̀ ní, "Ẹ̀ẹ́ẹ̀, Àǹtí!"

Ìbéèrè ìkẹyìn: bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí lo máa ṣe yàtọ̀? Pẹ́ńsù ti kọ ọ́: màá dúró de àṣẹ.

Mo pa á rẹ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì Prámárì Síìsì mi kọ ọ́: ọjọ́ Ajé ni màá pọ̀n wọ́n, mi ò ní dúró dọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó kà á. Ó tún un kà. "Àǹtí, èyí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Mo ní mo mọ̀. Mo bu ọwọ́ lù ú.