Àwa Mẹ́jọ àti Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ

Ayétòrò, Yewa,
Oṣù Ọ̀wàrà, 2019.

Toyibat, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti iṣẹ́? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ, àmín. Àlàáfíà la wà, àfi màmá rẹ tó ń bínú nítorí ìrẹsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, Bàrúwà tó máa ń bá wa kó ìrẹsì láti Ìlárá ò ríṣẹ́ ṣe mọ́, iwájú ilé mi ló ń jókòó sí látàárọ̀, tó ń wo bí kọ̀ǹpútà rẹ ṣe ń pa mí láyò.

Èyí tuntun tí o gbé wá ní Iléyá ni mò ń wí, tí o ní kí n máa bá ta ayò òyìnbó tí ẹ ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì, kí n lè bá ọ wo bí iṣẹ́ tí o kọ fún un ṣe ń lọ sí. O ní ọpọlọ kan ṣoṣo ló wà nínú ti àtijọ́ tí o gbé lọ, pé mẹ́jọ ló wà nínú èyí, àti pé o ní láti tún iṣẹ́ náà kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọpọlọ kan á máa ṣiṣẹ́, méje á máa wòran. Ó yé mi kíákíá. Bí a ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko Ọdẹkúnlé náà nìyẹn: tí a ò bá pín poro fún olúkúlùkù, abẹ́ igi ni wàá ti bá ènìyàn méje.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá. Ó yà mí lẹ́nu pé o kó ẹni mẹ́jọ wá, o sì fún gbogbo wọn ní ṣájà kan. Wọ́n ń jà sí i ni, torí tí a bá ti ta díẹ̀, inú kọ̀ǹpútà á gbóná, á máa mí fúù fúù. Mo máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Màmá rẹ ní ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń dáná fún mi, mi ò fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun rí. Mo ní ṣé òun ní ọpọlọ mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá ọbẹ̀ mi sè.

Bàrúwà ní ẹni mẹ́jọ kì í pawọ́ pọ̀ na ẹnì kan, ìrẹ́jẹ ni. Ó kó àgbà mẹ́fà wá tí bọ́dà ti sọ di aláìríṣẹ́, a di mẹ́jọ. Ẹṣin kan ṣoṣo nínú ọmọ ayò wa ni gbogbo wa ń wò. Bàrúwà ní kó fò sọ́tùn-ún, Gbọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ní kó fò sósì, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ọba wa, ọmọ ayò tó jẹ́ pé bó bá kú, ayò parí. Ìgbà tí a fi parí àríyànjiyàn, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Mo ta ẹṣin, kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ti dáhùn, ọba wa ti kú. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni ń ronú níwájú àgbà! Nítorí náà gba ìmọ̀ràn: má jẹ́ kí ọpọlọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wo ẹṣin kan. Pín in fún wọn, kí èyí tó bá rí ewu sì tètè pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ti àtijọ́, bí mo bá ta tèmi, á ronú títí àgbàdo á fi jiná lórí iná, èmi àti ìwọ á sì máa sọ̀rọ̀. Èyí ò fún wa láyè. Bí mo bá sì pè ọ́, o ní o ò ráyè, o ń tún iṣẹ́ kọ kó lè yára sí i. Toyibat, ọpọlọ mẹ́jọ ló ń bá ọ ṣiṣẹ́ báyìí, báwo ni àyè rẹ ṣe wá dínkù? Àárò rẹ ń sọ mí.

Jọ̀wọ́, fi owó ṣájà méje ránṣẹ́, pẹ̀lú owó ìrẹsì màmá rẹ, kí n lè padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Tàbí kí o fi owó náà wọkọ̀, kí o gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ̀. Mo ti ya àgbàdo sọ́tọ̀. Ọ̀nà á là fún ọ, bọ́dà ayé rẹ ò ní tì láé.

Èmi ni bàbá rẹ, Sàláúdéènì, tó ní ọpọlọ kan ṣoṣo, ìwọ ló sì ń rò.