Igi Tí Ìwọ́ Simi Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lilburn níbí, lẹ́bàá Atlanta. Mo kí Bàámi, mo kí Bọ̀dá Kúnlé àti ìyàwó wọn. Ṣé ara le? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ń lọ, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú kò jẹ́ n jókòó, òtútù náà sì ti ń rọlẹ̀. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ẹ̀yin náà sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè lẹ máa ń béèrè pé igi Simi ọmọ mi ńkọ́. Mo máa ń ní ó wà dáadáa. Irọ́ ni mò ń pa, Màámi. Mo fi lẹ́tà yìí sí gbangba torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń parọ́ fún ìyá mi lórí fóònù.

Nígbà tí ìwọ́ Simi já, ẹ̀yin lẹ ní a ò gbọ́dọ̀ jù ú nù, ká sin ín sábẹ́ igi tó máa bá a dàgbà. Bàbá Simi ní máńgòrò. Máńgòrò wo ló fẹ́ gbìn sínú òtútù Atlanta? La bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ta igi. Nígbà tí obìnrin tó ń tà á gbọ́ pé wáyà iná wà lókè iwájú ilé wa, ó ní igi kékeré tí kì í ga ló yẹ wá. Ó fi oríṣi mẹ́ta hàn wá, gbogbo wọn ló ń yọ òdòdó bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo mú èyí tí wọ́n ń pè ní redbud, torí ó ní kì í ṣòro tọ́jú. Oṣù kẹwàá la gbìn ín, ìwọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo ewé rẹ̀ fi já bọ́ tán. Wọ́n ní bí igi ibí ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ̀rù ṣáà ń bà mí. Bí Simi bá húkọ́, ìta ni mo máa kọ́kọ́ sá lọ, kí n lọ wo igi. Èmi nọ́ọ̀sì o. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní mo ti ń bọ igi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí nǹkan wíníwíní pupa rúsúrúsú tó sù mọ́ ara igi náà, láti ìdí dé ẹ̀ka. Kòkòrò ni mo pè é. Mo po omi ọṣẹ, mo mú kànìnkànìn, mo fọ igi náà bí ẹni ń wẹ ọmọ, títí ara rẹ̀ fi dán. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti gbà á sílẹ̀.

Ìyá àgbà tó ń gbé òdìkejì wa ló wá béèrè ohun tí mò ń fọ̀. Mo sọ fún un pé kòkòrò ni. Ó ní òdòdó ni. Ó ní igi yẹn kì í dúró de ewé, ara èèpo rẹ̀ gan-an ni òdòdó ti ń yọ.

Màámi, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Òdòdó àkọ́kọ́ tó máa yọ lórí ìwọ́ ọmọ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ha á dànù. Ìyá náà ní igi ò ní kú, pé tó bá di àmọ́dún, á tún yọ òdòdó. Mo gbọ́, àmọ́ àyà mi ṣì ń já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó fọwọ́ ara yín gbé Simi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Mo fi fọ́tò igi náà sí i. Ẹ wo òkè pátápátá, níbi tí ọwọ́ mi ò tó. Àwọn òdòdó ibẹ̀ ti là.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísí